Ọ̀rọ̀ Àwọn Ìyá Apọntí: Èmi Fara Mọ́ Àbá Wọn

Ẹ̀yin tí ẹ wá sí ìpàdé tó kọjá mọ̀ pé a kò parí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú, àwọn kan ti dìde, ẹnu sì ti pọ̀ ju etí lọ, ni Alága bá ní kí a sún un di ìpàdé gbogbogbòò. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá apọntí ni mò ń wí. Èmi ni mò ń kọ ìwé ìpàdé, n kò sì lè sọ tinú mi lọ́jọ́ náà, nítorí ẹni tó di bírò mú kì í bá wọn dá sí ìjà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ojú ìwé yìí, ọmọ ẹgbẹ́ sì ni èmi náà. Èrò tèmi nìkan ni ẹ óò kà níhìn-ín, kì í ṣe ti ìgbìmọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, èmi ni kó bínú sí.

Fún àwọn tí kò sí níbẹ̀: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa obìnrin mọ́kànlá, tí wọ́n ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí bàbà, ló mú àbá wá. Ohun méjì ni wọ́n ń bèèrè. Èkíní, kí ẹgbẹ́ yá wọn lówó kí wọ́n fi ṣe pèpéle sìmẹ́ńtì kan, kí wọ́n fi òrùlé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bò ó, kí gbogbo wọn lè máa mú ọkà hù níbẹ̀ kí wọ́n sì máa sá a, kí wọ́n sì ra ẹ̀rọ ìlọta kan síbẹ̀. Èkejì, kí ẹgbẹ́ yọ̀ǹda gbọ̀ngàn wa fún wọn ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí owó ọkà bàbà bá wálẹ̀, kí gbogbo apọntí àdúgbò yìí gbé ọtí wọn wá, kí àwọn onílé oúnjẹ àti àwọn tó ń ṣe ìnáwó wá tọ́ ọ wò, kí oníkálukú sì bá ẹni tí ọtí rẹ̀ wù ú dá iṣẹ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ sọ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ di ilé ọtí, irọ́ ni o.

Kí n má fi ohun kan bò fún yín: ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ìyá mi pọn tó fi san owó ìdánwò WAEC mi. Ẹ ti mọ ibi tí mo ti ń bọ̀, ẹ lè wá fi ojú yẹn ka ìyókù. Èmi fúnra mi kì í mu ọtí, inú mi kò gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí mo ṣàkíyèsí pé àwọn tó sọ̀rọ̀ jù lọ lọ́jọ́ náà kò tíì dúró ti ìkòkò ọtí rí. Wọn a rẹ àgbàdo tàbí ọkà bàbà sínú omi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, wọn a da omi rẹ̀ nù, wọn a tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, wọn a da ọkà náà lé e, wọn a sì fi ewé mìíràn bò ó. Láàárọ̀ lálẹ́ wọn a máa wọ́n omi sí i, wọn a máa fi ọwọ́ tú u, nítorí ọkà tó bá ń hù a máa gbóná bí ara ẹni tí ibà mú. Ní bíi ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, gbòǹgbò funfun kéékèèké a yọ lára rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ọkà tó ń hù ń pèsè ohun tí yóò sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà, kí ó lè fi bọ́ ọmọ rẹ̀. Bí apọntí bá yára dá a dúró, ọtí kò ní dùn. Bí ó bá pẹ́ jù, ọmọ ọkà ti jẹ adùn náà tán. Kò sí aago, kò sí ẹ̀rọ kankan, ojú àti ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọn a sá a, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sè é fún wákàtí púpọ̀, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a jẹ́ kó tutù, wọn a sì fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ti tẹ́lẹ̀ sí i kí ó lè hó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọtí ti délẹ̀.

Níbi sísá ni ìyà wà. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, òjò kì í jẹ́ kí òòrùn ràn tó. Ọkà tó ti hù tí kò sì rí òòrùn yóò bu, àwọ̀ bí ti ewé yóò sì bò ó. Inú irú ọkà bẹ́ẹ̀ ni májèlé tí àwọn oníṣègùn ń pè ní aflatoxin ti ń wá, ẹ̀dọ̀ ènìyàn ló ń bà jẹ́, síse kì í sì í pa á tán. Apọntí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò da irú ọkà bẹ́ẹ̀ nù, owó rẹ̀ á sì bá a lọ. Ẹni tí ebi ń pa ńkọ́? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, etí títì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sá tiwọn sí. Ẹ̀yin náà ń rí i: mọ́tò ń tú èéfín lé e lórí, ewúrẹ́ ń jẹ níbẹ̀, yanrìn sì ń wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan ní kí ni a fẹ́ fi pèpéle ṣe, mo ní lọ́kàn mi pé bàbá yìí kò tíì bu ọkà sẹ́nu kí yanrìn dún láàárín eyín rẹ̀.

Ìyókù kò ṣòroó yé àwa ọlọ́jà. Kóńgò kóńgò ni oníkálukú wọn ń ra ọkà, nígbà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá jọ dáwó ra àpò lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o bọ̀ láti òkè, èrè á wà níbẹ̀. Igi ìdáná náà, ìdì ìdì ni wọ́n ń rà á. Ọtí náà kì í sì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kí ó tó kan, bí ọjà kò bá yá, ẹlẹ́dẹ̀ ni yóò mu ún. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni àwa. Kí ni a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún nígbà náà?

Ní ti igi, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ìyá wa gbé yẹ̀ wò. Ní ìlú Ouagadougou, ní Burkina Faso, obìnrin ló ń pọn ọtí bàbà tiwọn, dólò ni wọ́n ń pè é. Igi ló ń jẹ èrè wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti ń jẹ tiwa. Àwọn kan nínú wọn ti wá kọ́ ààrò tó yí ìkòkò ká pátápátá, tí ọwọ́ iná kò fi ráyè sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, igi tí wọ́n ń dá sì dín kù gidigidi. Amọ̀ àti bíríkì ló gbà. Kò sí èyí tí kò sí ní àdúgbò wa níhìn-ín.

Ẹnìkan tún dìde, ó ní ọtí àgbàdo ti di ti ayé àtijọ́, pé bíà ni ọ̀làjú. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ní 1946 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries sílẹ̀, ní 1949 sì ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó. Ní 1962 ni Guinness kọ́ tirẹ̀ sí Ìkẹjà. Mọ́ọ̀tì ọkà báálì, ọkà tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì, ni gbogbo wọn gbẹ́kẹ̀ lé, ọkọ̀ òkun ló sì ń gbé e wá fún wọn. Nígbà tí owó ilẹ̀ òkèèrè wá ṣọ̀wọ́n, ìjọba ológun Ọ̀gágun Babangida ṣòfin pé láti oṣù Kìíní 1988, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó mọ́ọ̀tì ọkà báálì wọ Nàìjíríà mọ́. Kí ni àwọn ilé ìpọntí ńlá ṣe? Ọ̀dọ̀ ọkà bàbà àti àgbàdo ni wọ́n sá lọ! Kò sì rọrùn fún wọn. Ọkà bàbà kò fẹ́ tú dà sí ṣúgà bí ọkà báálì ti ń ṣe nínú ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì ní láti máa ra èròjà tí yóò ràn án lọ́wọ́ láti òkè òkun. Àwọn ìyá wa kò ra nǹkan kan lókè òkun kí ọtí tiwọn tó dùn. Wọ́n ti gbé òfin yẹn kúrò lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò nínú ìkòkò wọn. Púpọ̀ nínú bíà àti mọ́ọ̀tì inú ìgò tí a ń gbé sórí tábìlì níbi ìnáwó, ọkà bàbà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fi bíà bú ọtí bàbà, ọmọ ló ń fi bú ìyá.

Ẹ tún wo Iléṣà tí kò jìnnà sí wa. Ní 1971 ni wọ́n fi orúkọ International Breweries sílẹ̀, Olóyè Lawrence Omole, ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé, sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1978 ni ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Àwọn àgbà wa ṣì ń sọ bí inú ìlú ṣe dùn tó, pé ọtí tí a pọn nílé tiwa dé. Ní 2012, ilé iṣẹ́ SABMiller wá gba àkóso rẹ̀. Ní 2016, AB InBev ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ra SABMiller fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní 2018, wọ́n ṣí ilé ìpọntí tuntun gàgàrà sí Ṣàgámù. N kò sọ pé ó burú o. Àwọn ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn kan nínú yín ló sì ń ta Trophy. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ tó bá kan ilé ìpọntí Iléṣà, Iléṣà kọ́ ni wọ́n ti ń dá a mọ́. Bákan náà ni ti àwọn ìyókù. Ní 2024, Diageo, tó ni Guinness Nigeria, ta ìpín rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Tolaram. Ní ọdún yẹn kan náà, Nigerian Breweries kéde pé òun yóò dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní méjì nínú ilé ìpọntí mẹ́sàn-án tí òun ní. Bí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ta ni oníṣòwò kékeré tó ń kó páálí yóò lọ bá? Ṣùgbọ́n ìyá tó ń pọn ọtí ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, a mọ ilé rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni.

Kí ẹ má sì rò pé tálákà nìkan ló ń wá ọtí tí ọwọ́ kékeré pọn. Ilé ìpọntí kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Bature Brewery, Àbújá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé Victoria Island ní Èkó. Wọ́n tilẹ̀ ń fi kọfí sínú ọtí dúdú wọn. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ ń mu ún, nítorí wọ́n ń rí ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n àti ẹni tó pọn ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, oṣù Kẹwàá 1978, ìyẹn nǹkan bí oṣù méjì kí ọtí tó jáde ní Iléṣà, ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí ènìyàn lè pọn bíà mu nínú ilé rẹ̀ láìsan owó orí. Nígbà náà, gbogbo ilé ìpọntí tó wà ní Amẹ́ríkà kò pé ọgọ́rùn-ún. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, kéékèèké ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní ìlú Austin, ní ìpínlẹ̀ Texas, àwọn aráàlú tilẹ̀ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ láti fi pọntí, Black Star ni orúkọ rẹ̀, ní 2010 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. Nítorí náà, ohun tí àwọn ìyá wa ń bèèrè kì í ṣe ohun tí ojú kò rí rí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí àwa kò bá kó wọn jọ, ẹlòmíràn yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin Natal ti 1908 fún àwọn ìlú bíi Durban láṣẹ pé àwọn nìkan ni kó máa pọn ọtí ọkà kí wọ́n sì máa tà á fún àwọn ènìyàn dúdú nínú gbọ̀ngàn tiwọn. Obìnrin tó bá pọn tirẹ̀ ta di arúfin. Èrè ọtí náà ni àwọn aláwọ̀ funfun sì fi ń san owó ìṣàkóso tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀gá lórí àwọn dúdú. Ní 1959, àwọn obìnrin Cato Manor ní Durban gbé igi lọ́wọ́, wọ́n ya wọ inú gbọ̀ngàn ọtí ìjọba, wọ́n lé àwọn ọkùnrin jáde.

Ó wá ku àwọn tó ta ko àbá náà. Ti ẹ̀sìn ló le jù, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bàbá wa Alhaji, tí gbogbo yín mọ̀ pé wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dáwó sínú ẹgbẹ́ yìí, dìde, wọ́n ní àwọn kò lè gbà kí owó àwọn pọn ọtí. Àwọn kan pariwo lé wọn lórí. Kò dára bẹ́ẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ wọn tọ́. Àbá tèmi ni pé kí a má fọwọ́ kan àpò gbogbogbòò rárá. Kí a ṣí ìwé owó ọ̀tọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ nìkan dá owó sí i, kí èlé rẹ̀ má sì kan ẹni tí kò sí níbẹ̀, kódà kọ́bọ̀ kan.

Ṣùgbọ́n òótọ́ mìíràn wà tí kò ní dùn mọ́ gbogbo wa. Mo tú ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ yìí wò. Léraléra ni a ti yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti ra fíríìjì, láti kó páálí bíà, láti fi òrùlé bo ìsọ̀ ọtí, inú àpò gbogbogbòò ni gbogbo rẹ̀ sì ti jáde. A kò bi Alhaji léèrè. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tiwa tó ń mi orí lọ́jọ́ ìpàdé, àwọn kan nínú wọn wà nínú ìwé náà. Nítorí náà, bí a bá ṣí ìwé owó ọ̀tọ̀, kí gbogbo ẹ̀yáwó ọtí lọ síbẹ̀, ti onígò àti ti oníkèrègbè. Kò ní bójú mu kí ó jẹ́ àwọn ìyá tó ń lọ ọkà nìkan ni a óò yà sọ́tọ̀ bí alárùn.

Ẹlòmíràn mẹ́nu ba Òde-Ìrèlè. Òótọ́ ni. Ní oṣù Kẹrin 2015, ènìyàn tó ju 15 lọ kú níbẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, àwọn mìíràn sì kú ní Ìpínlẹ̀ Rivers láìpẹ́ sí i. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé àrùn àràmàǹdà ni, kí wọ́n tó rí i pé májèlé tí wọ́n ń pè ní methanol ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ṣùgbọ́n ògógóró, ọtí tí a fi iná sè kí oru rẹ̀ lè di ọtí líle ni. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí bàbà kì í gba ọ̀nà yẹn. Ibi tí ewu wà ni pé àwọn kan, kì í ṣe nínú àwọn mọ́kànlá yìí, a máa da ògógóró sínú ọtí bàbà kí ó lè tètè pa ènìyàn. Kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀ yóò dá owó wa padà lọ́jọ́ náà, yóò sì kúrò lórí pèpéle.

Ní ti ìmutípara, n kò ní èsì tó pé. Mo mọ ilé tí ọtí ti tú ká, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. A lè ṣòfin pé wọn kò gbọdọ̀ tà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, pé ọjọ́ ìtọ́wò kò gbọdọ̀ kọjá agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ife kékeré ni kí wọ́n sì lò. Ìyẹn yóò dín in kù, kò ní pa á tán.

Ní ti pé wọn kò ní san owó padà, ẹ wá wo ìwé mi. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá yìí tó jẹ gbèsè ẹgbẹ́ kọjá oṣù méjì rí. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa àwa ọkùnrin ìgbìmọ̀.

Ibì kan wà tí èmi àti àwọn ìyá kò ti jọ fẹnu kò. Wọ́n fẹ́ kí a tètè bọ́ sórí ìgò àti lébẹ́ẹ̀lì, nítorí ọmọ ọ̀kan nínú wọn ní Èkó sọ fún wọn pé yóò tà. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ọtí tó ṣì ń hó, bí ẹ bá dé e mọ́nú ìgò, ìgò yóò bú mọ́ ẹni tó gbé e dání lójú. Ẹ ó gbọ́dọ̀ fi iná pa ohun tó ń jẹ́ kó hó ná. Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Oshòdì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹmu títí ó fi wọ ìgò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Ohunkóhun tó bá wọ ìgò lọ sí ọjà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC pẹ̀lú, a kò sì tíì ní ilé tí wọ́n lè wá yẹ̀ wò. Ọkà tí a mú hù tí a sì sá dáadáa ni kí a kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Apọntí yóò rà á, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ọmọdé yóò rà á, àwọn ológì náà lè pò ó mọ́ tiwọn. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, kí a tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìgò.

Ìpàdé gbogbogbòò ni Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú gbọ̀ngàn wa. Ìwé tí mo fẹ́ kí àwọn tó bá máa dáwó sínú àpò ọ̀tọ̀ náà kọ orúkọ wọn sí ti wà lórí tábìlì mi. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó má kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè ìdí. Àwọn ìyá ti ṣèlérí pé àwọn yóò gbé ọkà tí àwọn sá sórí pèpéle àti èyí tí àwọn sá sétí títì wá, kí ojú gbogbo wa lè rí i. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gbé ọtí wá lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn tí a mọ̀.